Ìdérí Ìgò Kan

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Treichville, bí ikọ́ bá ń dà wá láàmú, ìyá mi kì í kọ́kọ́ wá ilé oògùn lọ. Yóò já ewé ọ̀dúndún lẹ́nu ọ̀nà, yóò nà án sí iná títí yóò fi rọ̀, yóò fún omi rẹ̀ sínú ṣíbí, yóò sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ọmọ Èjìgbò ni, bíi ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń tajà ní Abidjan. Ìmọ̀ ewé náà bá a dé láti ilé ni.

Èyí tí wọ́n ń tà ní Adjamé báyìí yàtọ̀. Siró ni à ń pè é níbí. Ewé inú rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n àgbo àwọn bàbá wa kì í dùn báyẹn. Láti ilé oògùn àwọn Faransé ni àṣà fífi ṣúgà se oògùn sínú ìgò ti wọlé (àwọn náà yá ọ̀rọ̀ “sirop” lọ́wọ́ Lárúbáwá ni). A gba ṣúgà, a gba ìgò, a ò gba ìwé ara ìgò.

Bẹ́ẹ̀ a ní àwọn tó kọ nǹkan sílẹ̀. Laurent Aké-Assi, ọmọ Côte d'Ivoire, àti Edouard Adjanohoun, ọmọ Benin, tẹ ìwé jáde ní Abidjan ní 1979 lórí ewé ìṣègùn orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1991, orúkọ àwọn méjèèjì tún wà pẹ̀lú ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Sofowora ti Ifẹ̀ lórí ìwé kan nípa ewé ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní Bamako, ilé iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ti ìjọba Mali tilẹ̀ kọjá ìwé kíkọ. Wọ́n fi igi Crossopteryx febrifuga ṣe siró ikọ́ kan, Balembo. Ti ọmọdé wà, ti àgbà wà, ìjọba sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rí irú ìyẹn rà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wúkọ́, tó ń mu siró inú ìgò tí kò ní orúkọ. Ó dùn, ó ń tu ọ̀fun rẹ̀ lára, ó rò pé ara ti ń yá. Ìgbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, ikọ́ ife ni. Oṣù mẹ́fà ló fi lo oògùn. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi èyí bú aláàgbo nìkan. Siró ikọ́ àti òtútù tó ti Íńdíà dé Gáńbíà ní 2022 ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára, síbẹ̀ diethylene glycol, kẹ́míkà olóró, wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó lé ní 60 ni wọ́n sọ pé ó bá a lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi màmá kan tó ń ta siró léèrè ewé tó wà nínú rẹ̀.

“Àṣírí ìdílé wa ni.”

“Ẹ má bínú, mà. Báwo ni ọmọ ọdún méjì ṣe máa mu ún?”

“Ìdérí ìgò kan, láàárọ̀ lálẹ́.”

Oríṣi ìgò mẹ́ta ló wà lórí àtẹ wọn. Ìdérí wọn ò dọ́gba.