KÍ ÌTÀN LỌ́KỌ́JÀ MÁ ṢE KÚ MỌ́ WA LỌ́WỌ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ní ọjọ́ ayọ̀ yìí tí a ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa, àwa ọmọ Yorùbá tí a ń ṣòwò ní Lọ́kọ́jà rò ó pé kò yẹ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nìkan ni a óò sọ. Ìlú yìí ni a bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa sí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí irin méjì ń ṣe ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, ojú lásán ni wọ́n ń wò wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gba Odò Ọya wá. Ète wọn ni láti fi iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò rere rọ́pò òwò ẹrú. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Attah Igala ní ibi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé, wọ́n sì dá oko síbẹ̀. Ibà ni kò jẹ́ kí ó yọrí sí rere. Nínú òyìnbó 145, nǹkan bí 130 ni ibà mú, àwọn tí ó kú sì tó 40. Ní 1842 wọ́n pa oko náà tì.

Ẹni tiwa kan wà nínú ìrìn-àjò náà: Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoógùn. A kó o lẹ́rú ní 1821. Àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni ó kó Òṣoógùn. Àwọn òyìnbó ni ó ra ẹrú lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Nítorí náà, kì í ṣe àná ni ọmọ Yorùbá ti mọ ọ̀nà ibí.

Ní 1854, Dókítà Baikie gun ọkọ̀ Pleiad wá, Crowther sì tún bá a wá. Baikie ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuiníní lò, ibà kò sì pa òyìnbó kankan nínú wọn. Ó tún padà wá ní 1857. Nǹkan bí 1860 ni ó tẹ ọjà dó sí Lọ́kọ́jà, tí Hausa, Nupe, Igala, Ebira àti Yorùbá sì ń wá ná an. Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1865 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity sílẹ̀. Irin méjì tí a wí yẹn ni wọ́n ń pè ní Irin Òmìnira, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn sọ pé a ti ń dá ẹrú sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, Lọ́kọ́jà ni a ti sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀, tí Lugard sì fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Ibí náà ni a kó Aliyu, Ẹ́míà Kano, wá lẹ́yìn tí a yọ ọ́ lóyè ní 1903. Ibí ni ó kú sí ní 1926. Ọ̀pọ̀ a sì máa sọ pé orí òkè Patti ni Flora Shaw dúró sí tí ó fi sọ orílẹ̀-èdè yìí ní Nigeria. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ti London ni ó kọ ọ́ sí ní oṣù kìíní 1897, kí ó tó fẹ́ Lugard ní 1902.

Kí ni kí a wá ṣe? Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú a máa yọ̀ǹda ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, láìgba kọ́bọ̀. Wọn a wọ aṣọ ayé àtijọ́ ní ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, wọn a dáná, wọn a rọ irin, wọn a sì dá àlejò lóhùn. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún Èdì ní Ilé-Ifẹ̀, ṣé kì í ṣe ìtàn Mọ́remí ni wọ́n ń fi ara ṣe?

Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Ní Sátidé, kí a ná ọjà etí odò bí ti àtijọ́, pẹ̀lú owó ẹyọ, epo pupa àti òrí. Àwọn ìyá wa yóò se oúnjẹ, àwọn télọ̀ yóò rán aṣọ. Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, kí a pé jọ níbi Irin Òmìnira, kí Mùsùlùmí àti Kristẹni jùmọ̀ gbọ́ ìtàn. A kò gbọdọ̀ fi ìyà ẹrú ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí a sì kọ́kọ́ tọ àwọn onílé lọ, kí wọ́n ṣáájú, kí àwa tẹ̀lé e. Àlejò tí ó mọ ìtàn ilé tí ó wọ̀ kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ ti ń ná owó yín fún ẹgbẹ́ lónìí, ẹ ná ọjọ́ méjì yìí náà fún àwọn ọmọ yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbèrú, kí ó sì bá wa tọ́jú Lọ́kọ́jà. Àṣẹ.