Àdéhùn Òwò Àìsanwó-Ibodè àti Àwọn Ará Ààlà Nàìjíríà òun Bẹ̀nẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere ní ààlà Nàìjíríà àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí irú ọjà kan náà ti ń gba títì ìjọba kọjá ní ọ̀sán, tí ó sì ń gba ọ̀nà igbó kọjá ní òru. Láti ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ti jọ wà nínú àjọ ECOWAS. Wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọjà tí a pèsè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa lọ láàárín wọn láìsan owó ibodè. Síbẹ̀, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nàìjíríà ti ti ẹnubodè yìí pa láti ìgbà náà: ní 1984, ní 2003 àti ní 2019. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe àìsí àdéhùn ló fa èyí. Àdéhùn wà, ṣùgbọ́n kò kan àwọn ọjà tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba méjèèjì, àwọn tí òwò ààlà sì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò rí i lò bó ṣe yẹ.

Ibodè kí Òyìnbó tó Dé

Owó ibodè kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìlú ńláńlá ní odi àti ibodè, oníbodè a sì máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò tó bá fẹ́ wọlé tàbí kọjá. Lára owó yìí ni ọba àti àwọn ìjòyè fi ń gbọ́ bùkátà ìlú. Àmọ́ ibodè ìgbà náà kò sọ ìbátan di àlejò. Àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Ìfọ̀nyìn, Ọ̀họ̀rí àti Ẹ̀gbádò, tí ń jẹ́ Yéwa lónìí, jọ ń ná owó ẹyọ kan náà, wọ́n sì jọ ń ná ọjà ara wọn. Bí ogun bá dá ọ̀nà dúró, bí ó bá tán, òwò a tún bẹ̀rẹ̀.

Ààlà 1889 àti Ìbẹ̀rẹ̀ Fàyàwọ́

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó pín agbègbè yìí sí méjì. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Alákétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn náà sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Iṣẹ́ ìwádìí A. I. Aṣíwájú lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó, tí ó jáde ní 1976, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní apá Faransé wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì nítorí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ènìyàn sí iṣẹ́ ológun. Ààlà yìí kò já ìbátan, ṣùgbọ́n ó sọ owó di oríṣi méjì, ó sì sọ iye owó ibodè di oríṣi méjì.

Níbi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni fàyàwọ́ ti rí ilẹ̀ jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí: ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí aṣọ́bodè má baà rí i. Lójú ẹni tó ru iṣu láti Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu, ọjà ló ń lọ gẹ́gẹ́ bí àwọn baba rẹ̀ ti ń lọ. Lójú òfin, ó ti di arúfin. Bí òmìnira ti dé ní 1960, ààlà náà kò yí padà. Àwọn aṣọ́bodè nìkan ló yí padà.

Ohun tí Àdéhùn ECOWAS Mú Wá

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS ní ìlú Èkó. Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ni wọ́n ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tó gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ètò òwò àìsanwó-ibodè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn tí a kò tíì lọ̀ tàbí sè àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Ní 1990, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé orí ọjà ilé-iṣẹ́ ńlá. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ jàǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé inú agbègbè náà ni a ti ṣe ọjà rẹ̀.

Àǹfààní kò ṣàìsí. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jọ dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Onígbòlò, wọ́n sì jọ dá ti ṣúgà sílẹ̀ ní Sábẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ní akọ̀wé àti aṣojú ní ẹnubodè lè tọ́jú ìwé rẹ̀ kí ọjà rẹ̀ sì kọjá.

Ibi tí Àdéhùn náà kò Dé

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni orísun ọjà. Ìrẹsì láti Éṣíà, adìyẹ inú yìnyín àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà. Kò sí èyí tí a ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú wọn, nítorí náà àdéhùn kò kàn wọ́n. Bẹ̀nẹ̀ ń gba owó ibodè tó kéré lórí wọn, nítorí ibẹ̀ ni apá ńlá nínú owó ìjọba rẹ̀ ti ń wá. Nàìjíríà ń gba owó gọbọi tàbí kí ó fòfin dè wọ́n, kí àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ abẹ́lé lè rọ́wọ́ mú. Ní 2013, owó orí ìrẹsì tó ń wọ Nàìjíríà tó ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2016, ìjọba fòfin de gbígbé e gba ẹnubodè ilẹ̀. Bí aládùúgbò méjì bá ṣí ilẹ̀kùn sí ara wọn, tí ọ̀kan ṣí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sí ayé, tí èkejì ti tirẹ̀, àlejò yóò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2015, ECOWAS bẹ̀rẹ̀ sí í lo iye owó ibodè kan náà fún ọjà òkèèrè: òfo, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò jáwọ́ nínú àfikún owó àti òfin ìdíwọ́ tirẹ̀.

Ọjà mìíràn ń lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Epo bẹntiróòlù tí ìjọba Nàìjíríà ń san owó ìrànwọ́ lé lórí títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023 kún inú ìgò lẹ́bàá títì Bẹ̀nẹ̀. Ìyàtọ̀ iye owó ló ń gbé e lọ. Àdéhùn kankan kò lè dá a dúró.

Ìṣòro kejì kan mẹ̀kúnnù. Ohun ọ̀gbìn tí a kò tíì lọ̀ tàbí sè kò nílò ìwé ẹ̀rí orísun ọjà lábẹ́ àdéhùn náà. Èyí ni pé obìnrin tó gbé àgbàdo tàbí iṣu kọjá wà lára àwọn tí òfin kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún. Àmọ́ ibi àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà, òṣìṣẹ́ a sì máa béèrè owó tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò san án, tàbí kí ó gba ọ̀nà igbó.

Títì Ẹnubodè àti Ẹni tó Jìyà Rẹ̀

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun ń pààrọ̀ owó náírà, ó ti ẹnubodè. Ó di 1986 kí ó tó ṣí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ó tì í nítorí ọkọ̀ jíjí àti ìdigunjalè. Olórí orílẹ̀-èdè méjèèjì, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Mathieu Kérékou, pàdé ní Àgbádárìgì kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Ti ọdún 2019 le jùlọ. Ní oṣù Keje ọdún náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn òwò gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní Niamey. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ, ó ti ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ nítorí ìrẹsì àti ohun ìjà tó ń wọlé.

Àwọn tó ń gbin ìrẹsì nílé rí ọjà tà, ṣùgbọ́n iye owó oúnjẹ lọ sókè, ohun ọ̀gbìn Bẹ̀nẹ̀ sì bàjẹ́ nígbà tí kò rí oníbàárà. Ní oṣù Kọkànlá, àjọ aṣọ́bodè Nàìjíríà fòfin de gbígbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn ará Ìdí-Ìrókò, síbẹ̀ òfin yìí bá wọn lò bí ẹni pé fàyàwọ́ ni gbogbo wọn. Ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ti Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di 2022.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn ààlà yìí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ méjì. Èkíní ni pé àdéhùn láàárín aládùúgbò kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí èrò wọn lórí ọjà òkèèrè kò bá ṣọ̀kan. Bẹ̀nẹ̀ kò lè fi owó èbúté Kútọnù sílẹ̀ láìrí òmíràn dípò rẹ̀, Nàìjíríà náà kò sì lè dákẹ́ kí àgbẹ̀ rẹ̀ máa pàdánù. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ìjọba méjèèjì jókòó sọ. Èkejì ni pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọkọ̀ ńlá tó kó ìrẹsì òkèèrè ni ẹ̀tẹ̀. Obìnrin tó ru iṣu kì í tilẹ̀ ṣe làpálàpá, nítorí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá kọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá àti Gùn sí gbogbo ẹnubodè, tí a sì dín ibi àyẹ̀wò kù, àwọn ará Kétu àti Ìmẹ̀kọ yóò rí ohun tí a fọwọ́ sí lórúkọ wọn láti 1975 gbà.