Òjé, Oòrùn àti Àmù Iná

Òjé kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá ti ń bọ òjé sọ́wọ́. Láti ara àṣà yìí ni àwọn àgbà ti fa òwe yọ pé, a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Lónìí, òjé tí ó pọ̀ jù lọ láàárín wa kì í ṣe ti ọwọ́ olóòṣà mọ́. Inú bátìrì ni ó wà. Bí ó ṣe dé ibẹ̀, àti ohun tí àìmọ̀ nípa rẹ̀ ń ná wa, ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ní Odògbolú àti ní gbogbo Ìjẹ̀bú, ilé tí pátákó sólà wà lórí òrùlé rẹ̀ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859. Ó ká abala òjé méjì pọ̀, ó rì wọ́n sínú ásíìdì tí a fi omi là, ó sì rí i pé bí a bá fún un ní iná, yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sì dá a padà nígbà tí a bá bèèrè. Ní 1881, Camille Faure, tí òun náà jẹ́ ọmọ Faransé, fi èròjà òjé rẹ́ ara abala náà, iná tí ó ń gbà sì pọ̀ sí i. Ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà tó fi pátákó tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná han aráyé. Bátìrì fi ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún ṣe ẹ̀gbọ́n sólà.

Ní ilẹ̀ tiwa, iná dé Èkó ní 1896. A dá ECN sílẹ̀ ní 1950. Ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, ìjọba sì fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Orúkọ ń yí padà, òkùnkùn kò kúrò. Ní àwọn abà tí iná kò dé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bátìrì ọkọ̀ ni a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun. A ó lò ó títí àwòrán yóò fi máa sún kì. Nígbà tí ó bá kú tán, a ó gbé e lọ bá àwọn tí ń ṣáájì bátìrì lẹ́bàá títì, yóò sì sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Àṣà kí a lò ó títí yóò fi kú yìí ni a gbé wọnú ilé sólà. Nígbà tí ìjọba kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó epo sì fò sókè, ọ̀pọ̀ ènìyàn pa jẹnẹrétọ̀ tì, wọ́n ra sólà. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, ṣùgbọ́n ìwà àtijọ́ ni wọ́n fi ń lò ó.

Àmù ni bátìrì jẹ́. Oòrùn ni òjò tí ń rọ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bu omi àmù títí dé ìsàlẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni yóò bù. Bí a ti ń lo iná bátìrì ni ásíìdì ń so mọ́ òjé, tí ó ń di iyọ̀ funfun lára abala. Bí a bá tètè dá iná padà, iyọ̀ yìí yóò yọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò le bí òkúta, apá ibi tí ó bò kò sì ní gba iná mọ́. Nítorí náà, ebi ni ó ń pa ọ̀pọ̀ bátìrì, kì í ṣe ogbó. Àkókò òjò, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run Ìjẹ̀bú, ni ebi yìí ń mú jù, ìgbà náà gan-an ni ó sì yẹ kí a dín ìlò kù.

Bátìrì fóòtì 12 tí ó kún, tí a sì fi sílẹ̀ kí ó sinmi, yóò fi nǹkan bí 12.7 hàn; bí ó bá dé 12.2, ó ti dé ìdajì, kò sì yẹ kí a lọ kọjá ibẹ̀. Bí a bá ń ṣáájì rẹ̀, iná náà yóò gòkè dé nǹkan bí 14.4 kí ó tó kún, lẹ́yìn náà a ó dín in sí 13.6. Ooru ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, nítorí náà ibi tútù tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni ààyè rẹ̀. Gáàsì tí ó ń tú jáde lè gbaná. Ní ti èyí tí ó ní ìdérí, omi nìkan ni ó ń gbẹ, ásíìdì kì í lọ. Nítorí náà omi bátìrì ni ká bù sí i. Kì í ṣe ásíìdì, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi inú ọ̀rá.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ èyí tó bẹ́ẹ̀? Bátìrì tí ó kú kì í wọ ilẹ̀ sàréè. Yíyọ́ ni wọ́n ń yọ́ òjé rẹ̀, níbi tí wọn kò bá sì ti fi ìṣọ́ra ṣe é, èéfín àti eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ni òjé láti ara ògbólógbòó bátìrì pa láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Nílé wa níhìn-ín, ní Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn ṣètò, tí a gbé jáde ní 2025, fi hàn pé òjé ti pọ̀ kọjá ààlà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gbé nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́ jù, ohun tí ó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe.

Bátìrì tí a tọ́jú fún ọdún márùn-ún dípò méjì jẹ́ owó tí ó kù sí àpò wa. Ó sì tún jẹ́ ẹrù kan tí kò tíì dé ibi iná ayọ́jé. Òjé ọwọ́ olóòṣà ní ẹni tí ń bọ̀ ọ́, a sì mọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀. Èyí tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa, ta ni baba ẹni tí yóò bọ́ ọ?