Ta Ló Ń Gba Akẹ́kọ̀ọ́, Ta Ló Ń Gba Olùkọ́? Ìjọba àti Fásitì ní Nàìjíríà

Nígbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ Fásitì Lọ́ńdọ̀nù ló wà, orúkọ Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà lórí ìwé ẹ̀rí àwọn tó bá yege. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Kò tíì sí àjọ kankan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn.

Ní 1960, ìgbìmọ̀ Eric Ashby gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ fásitì. Àjọ NUC bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ìmọ̀ràn nìkan ló sì ń gbani. Ó di 1974 kí òfin tó fún un lágbára. Láàárín ìgbà tí àjọ náà kò tíì lágbára yìí, Fásitì Èkó kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ níbẹ̀. Sáà Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, gíwá àkọ́kọ́, parí ní 1965. Àwọn olùkọ́ ṣì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aláṣẹ fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Bíòbákú rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ti Yorùbá àti Ìgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gún Bíòbákú lọ́bẹ; kò kú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti kó ẹrù wọn lọ. Lójú tèmi, láti ọjọ́ náà ni ipò gíwá ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú ní gbangba.

Ní 1975, ìjọba ológun gba Fásitì Ifẹ̀, ti Nsukka àti Ahmadu Bello tó wà ní Zaria sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, fásitì kọ̀ọ̀kan ṣì ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Òbí tó bá lówó á ra mẹ́ta mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo lè gba lẹ́tà ìgbaniwọlé ní Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀, á mú ọ̀kan, àyè méjì yòókù á sì wà lófìfo. Ohun tó bí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé fún gbogbo fásitì, ní 1978 nìyẹn. Àwọn tó ń bú JAMB lónìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí pé ìṣòro gidi ló wá yanjú.

Ìdánwò kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè mú ẹjọ́ tirẹ̀ wá: bó bá jẹ́ máàkì nìkan, àwọn ìpínlẹ̀ tó ti pẹ́ nídìí ìwé ni yóò kún inú fásitì. Ìjọba wá pín àyè. Ìlànà fásitì ìjọba àpapọ̀ ni pé kí wọ́n fi máàkì nìkan gba ìdá 45 nínú 100, kí ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní sàkáání fásitì náà, kí ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ìlànà tó ṣáájú èyí fi ìdá 10 sílẹ̀ kí gíwá lò ó bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé pélébé tí àwọn ńlá ńlá yóò máa fi ránṣẹ́ sí i. Kwara àti Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ọ̀ṣun kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Òkukù, tí ìlú wọn kò jìnnà síra, lè gba máàkì kan náà, kí ọ̀kan wọ Nsukka, kí èkejì padà sílé.

Ní ti olùkọ́, lílé ni ìjọba kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn ìwọ́de "Ali Must Go" tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní 1978, wọ́n yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí nípò gíwá Èkó, wọ́n sì lé àwọn olùkọ́ kan láwọn fásitì mìíràn. Ilé ẹjọ́ ló dá ọwọ́ yẹn dúró. Nínú ẹjọ́ Ọláníyan àti Fásitì Èkó ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ẹni tí òfin fásitì dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n á kàn ní kó máa lọ. Àfi kí wọ́n tẹ̀lé ìlànà inú òfin náà. Àwọn olùkọ́ 49 tí Fásitì Ìlọrin lé ní 2001 náà jàre ní 2009. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òfin 2003 ti fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ lágbára láti yan gíwá, láìfi orúkọ ránṣẹ́ sí ààrẹ mọ́.

Ìjọba wá gba ojú àpò owó wọlé. Nígbà tí wọ́n fi owó oṣù àwọn olùkọ́ sórí IPPIS, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́, fásitì lè pe ẹni tó wù ú fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ṣùgbọ́n bí Àbújá kò bá fọwọ́ sí i, ẹni náà kò ní rí owó gbà. Ó wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022. Ní Oṣù Kejìlá 2023 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-ìwé gíga kúrò níbẹ̀.

Ní ti ìgbaniwọlé, kò sí ẹjọ́ bíi ti Ọláníyan tó dá ọwọ́ ìjọba dúró. Ìdánwò tí fásitì ń ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ti JAMB bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Mínísítà fòfin dè é ní 2016, wọ́n sì dá a padà ní 2017. Ọdún yẹn náà ni JAMB gbé CAPS, ètò ìgbaniwọlé orí kọ̀ǹpútà, jáde, tó fi jẹ́ pé orúkọ tí kò bá gba orí kọ̀ǹpútà àjọ náà kọjá kò wọlé rárá. Ní 2024 mínísítà kan ní ọmọ tí kò bá tíì pé 18 kò ní wọ fásitì mọ́. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ dá a padà sí 16 kí ọdún tó parí. Ní 2025, JAMB ní kí ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gba ó kéré tán 320 nínú 400.