Gbajúmọ̀ Tí A Fẹ́ Fojú Kojú Rí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ìtàn Àkọtọ́ Yorùbá

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè pé ta ni gbajúmọ̀ tó wà láyé tí wọ́n fẹ́ fojú kojú rí jù lọ, orúkọ olórin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà agbábọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà òṣèré. Láàárín àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá pàápàá, orúkọ tó jáde kò kéré. Ẹnìkan dárúkọ Wọlé Ṣóyínká, nítorí àwọn ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀, lọ́dún 1986. Ẹlòmíràn ní Túndé Kèlání lòun fẹ́ rí, kí òun lè bi wọ́n bí wọ́n ṣe gbé fíìmù Ṣaworoidẹ jáde lọ́dún 1999. A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó síwá tí a rò ó sẹ́yìn, orúkọ kan ni a fẹnu kò lé lórí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Àwọn kan lára ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa sọ lọ́kàn pé, "Ṣé gbajúmọ̀ nìyẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni. Òkìkí wọn kàn yàtọ̀ sí ti olórin ni. Ẹni tó bá ti kọ "ayé" dípò "aiye", tó kọ "wọ́n" dípò "nwọn", tó kọ "obìnrin" dípò "obirin", ti jẹ nínú iṣẹ́ wọn, yálà ó mọ orúkọ wọn tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé yín, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni Yorùbá di èdè tí à ń kọ sílẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lọ́dún 1822 tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ni ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843. Lọ́dún 1852, iṣẹ́ rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tún jáde ní ọ̀tun. Lọ́dún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1875, àwọn ìjọ àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà péjọ ní Èkó kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Lọ́dún 1884, odindi Bíbélì jáde ní Yorùbá. Láti ìgbà náà, àkọtọ́ Bíbélì di àkọtọ́ gbogbo ayé. Ilé ìwé fi kọ́ ọmọ, oníwèé ìròyìn fi kọ ìròyìn, bàbá fi kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánò.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn àgbà wọ̀nyẹn ṣe. Àwọn ni wọ́n fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, tí a kò fi ní láti máa fi lẹ́tà méjì kọ ìró kan. Síbẹ̀, ìṣòro kù. Nínú "aiya", ta ló ń pe "i" tó wà láàárín? Nínú "nwọn", kí ni "n" ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣe? Èyí tó le jù ni àmì kan tí wọ́n máa ń fi sórí fáwẹ́lì láti fi hàn pé fáwẹ́lì méjì ló wà níbẹ̀: "õrùn" ni wọ́n ń kọ fún oòrùn, "alãfia" fún àlàáfíà. Bẹ́ẹ̀, fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀ ní Yorùbá. Oòrùn tó ń ràn lójú ọ̀run yàtọ̀ sí òórùn tí imú ń gbọ́. Bí a bá pa fáwẹ́lì méjì pọ̀ sínú ọ̀kan, níbo ni a ó fi àmì ohùn kejì sí?

Ibí yìí ni ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ wọn ti wọlé. Ọdún 1932 ni wọ́n bí wọn. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh lọ́dún 1963, wọ́n sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Lọ́dún 1965, wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ìwé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó yẹ àkọtọ́ wa wò lójú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ó sì dábàá àtúnṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1966, ìgbìmọ̀ àkọtọ́ Yorùbá jókòó. Lọ́dún 1974, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ètò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Ní ọdún 1966 kan náà ni ìwé gírámà ńlá tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì jáde, èyí tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tó lè yà á sílẹ̀. Lọ́dún 1974 ni ìwé wọn lórí àwọn ìtàn àròsọ D. O. Fágúnwà jáde. Lọ́dún 1990 ni Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá jáde, Yorùbá sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀.

Wàyí o, kí ló dé tí a fi fẹ́ rí wọn nígbà tí ìwé wọn wà nílé ìkàwé? Ìdí ni pé ohun tó wà nínú ìwé ni ìparí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe jiyàn, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tí kò wọlé, ohun tí wọ́n rò pé àwọn èèyàn yóò gbà tí wọn kò gbà, àwọn wọ̀nyí kì í sábà sí nínú ìwé. A ò lè bi Crowther ní ohunkóhun mọ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún àkọtọ́ wa ṣe ṣì wà, a sì lè bi wọ́n. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni à ń wá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ó bi wọ́n dá lórí ohun tí kò yí padà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. Síbẹ̀, ẹ wo pátákó ojú títì: "Shagamu", "Ilesha", "Offa", "Otta", "Ogbomosho". Ẹ ṣí Bíbélì tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ń kà: "enia", "aiye", "nwọn" ló kún inú rẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ka Bíbélì yẹn láràárọ̀ kì í ṣe òpè. Ọ̀pọ̀ wọn mọ Yorùbá jù wá lọ. Nítorí náà, a fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Baba pé: nígbà tí ẹ ń dábàá àtúnṣe, ṣé ẹ mọ̀ pé àkọtọ́ méjì ni yóò máa gbé inú ilé kan náà fún ìran méjì tàbí mẹ́ta? Ṣé ẹ kà á sí ìjákulẹ̀, àbí ẹ gbà pé bí èdè ṣe ń rìn nìyẹn?

Ìbéèrè kejì dá lórí ààlà. Àtúnṣe 1974 jẹ́ ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò parí sí Ìdí-Ìrókò. Ará Ìmẹ̀kọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti ará Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀ka èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, ará Ìmẹ̀kọ yóò kọ "apá", ará Kétu tó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè tirẹ̀ yóò kọ "akpá". Èyí yóò kọ "ẹ̀kọ́", ìyẹn yóò kọ "ɛ̀kɔ́". Èyí yóò kọ "ṣe", ìyẹn yóò kọ "she". Ẹnu sọ ọ̀kan náà, ọwọ́ kọ méjì. Ṣé ọ̀nà wà tí àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò ìbá fi jókòó pẹ̀lú wa nígbà náà? Bí a bá sì fẹ́ jókòó báyìí, ta ni yóò fi lẹ́tà tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkejì?

Ìbéèrè kẹta dá lórí àríyànjiyàn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ ìdánwò gírámà Yorùbá mọ ohùn òkè tó máa ń wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. "Ọmọ" ni a máa ń pè é bó bá dá dúró, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn, "Ọmọ́ lọ" tàbí "Ọmọ ó lọ" ni à ń sọ. Kí ni ohùn òkè yẹn ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ní àmì ìbáramu ni, pé ó ń so olùwà mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbulúyì kò gbà. Wọ́n kọ àpilẹ̀kọ láti fi ta ko èrò náà, wọ́n sì ní ara ohun tó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yẹ kí á kà á kún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà lórí ìwé. Bí a bá ń ṣe ìdánwò, ìhín àti ọ̀hún la máa ń kọ, kí olùkọ́ má bàa bínú.

Ohun tó wú wa lórí níbẹ̀ ni pé ìró kékeré kan, ìró kan ṣoṣo tí à ń pè lójoojúmọ́ láìbìkítà, ló gba ìwé tó tó báyẹn. Ní ìlú tí wọ́n ti ń bi wá pé "Yorùbá? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?", àwọn àgbà méjì jókòó, wọ́n fi ọpọlọ wọn ṣe odindi iṣẹ́ lórí "ó". A fẹ́ bi Baba bóyá èrò wọn ṣì dúró bó ṣe wà lọ́dún 1966.

Ìbéèrè kẹrin ló le jù, a ó sì kúnlẹ̀, a ó sì dọ̀bálẹ̀ kí á tó bi í. Baba ti kọ̀wé púpọ̀ nípa èdè àti ìlú: bí àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ń fi èdè òyìnbó yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aráàlú sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ara wọn. Ìwé wọn kan lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 1991, òmíràn lọ́dún 2000. A gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé náà. Ṣé ìyá wa tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà lè kà á? A mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ń bá wí ni àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń gbọ́. A tún mọ̀ pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sẹ́nu, nítorí wọ́n wà lára àwọn tó ṣe èdè-ìperí Yorùbá, tí a fi lè jókòó nínú kíláàsì lónìí kí á sọ̀rọ̀ nípa àrànmọ́, ìpajẹ àti ọ̀rọ̀-ìṣe láìyá Gẹ̀ẹ́sì lò. Síbẹ̀, a fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Láìpẹ́, àwa náà yóò kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Àwọn kan lára wa fẹ́ tẹ̀ síwájú. Èdè wo ni a ó fi kọ ọ́ kí ayé lè gbọ́ wa, kí ilé náà sì lè gbọ́?

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló kù, ó sì ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kì í fi àmì sí nǹkankan. "Igba" ni wọ́n ń kọ, ẹ̀yin ni ẹ ó fúnra yín mọ̀ bóyá igba náírà ni, tàbí igbá ẹ̀kọ, tàbí ìgbà òjò, tàbí igbà ọ̀pẹ, tàbí ìgbá tí à ń jẹ. Àwọn kan nínú wa ní kí á fi àmì sí kìkì ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè dàrú. Àwọn kan ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn, láìpẹ́ kò ní sí ẹni tó lè fi àmì sí i mọ́. Kọ̀ǹpútà pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́ tó: lẹ́tà "ẹ" wà lódindi, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò sí lódindi, àfi kí á fi àmì lé e lórí, àmì náà a sì máa yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà mìíràn. Àwọn tó jókòó lọ́dún 1966 kò lè mọ̀ pé fóònù ni a ó máa fi kọ Yorùbá jù lọ́jọ́ iwájú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ló wà láàárín ìpàdé Èkó ti 1875 àti ọdún 1976, tí àkọtọ́ tuntun pé ọmọ ọdún méjì. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ń tún àkọtọ́ ṣe fún ohun èlò ìgbà tirẹ̀: ti Crowther fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìjọ, ti Bámgbóṣé fún ilé ìwé. Ti fóònù ti kan àwa. Kí á tó bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ jókòó sẹ́bàá ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí á gbé ìwé àti bírò dání, kí á sì béèrè pé: Baba, nínú gbogbo ohun tí ẹ dábàá, èwo ni ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù pé wọn kò ní gbà? Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ìbéèrè tirẹ̀ fún wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i.