Ọdún Mọ́kànlá tí Èkó Fi Kọjá Ìbàdàn

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Iṣẹ́ wà fún un n'Íbàdàn, ilé wà, oúnjẹ wà, àmọ́ ọmọ ní Èkó lòun ń lọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì ríṣẹ́ kankan níbẹ̀. "Prof, kí ló wà l'Ékòó gan-an?" Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìbéèrè yẹn dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iye èèyàn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn kà wá ní 1952, Ìbàdàn ní 459,196. Èkó ò tó 300,000. Kò sí ìlú tó tó Ìbàdàn ní gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n tún kà wá ní 1963, Èkó ti di 665,246, Ìbàdàn 627,379. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín: ìkànìyàn 1963 kẹ̀! Òótọ́ ni. Wọ́n fagi lé ti 1962, awuyewuye tó tẹ̀ lé ti 1963 ò sì kéré. Èmi náà ò ní fi gbogbo iye ibẹ̀ búra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́njú nígbà yẹn mọ ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ń dorí kọ.

Àlàyé tí à ń gbọ́ ni pé owó ló fà á. Èkó ni olú ìlú, ibẹ̀ ni èbúté Àpápá wà, ibẹ̀ ni rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó pàápàá, Ìkẹjà lẹ́bàá Èkó ló gbé ọgbà iléeṣẹ́ ńlá rẹ̀ lọ. Owó kòkó tó ga fíofío lọ́jà àgbáyé ní 1954 sì ti já wálẹ̀ nígbà tí a fi gba òmìnira. Ní 1964, ìgbìmọ̀ Morgan dábàá £12 lóṣù fún òṣìṣẹ́ tó kéré jù l'Ékòó, èyí tó ju ti ibòmíì lọ. Mi ò jiyàn sí èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tó láti dáhùn. Èkó ìgbà náà kún fún àwọn tí kò níṣẹ́, débi pé wọ́n ní orúkọ: ápílíkáńtì. Ẹ bi ọ̀dọ́kùnrin léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní "ápílíkáńtì ni mí", bí ẹni pé iṣẹ́ nìyẹn. Ìbàdàn náà kì í sì í ṣe abúlé. Yunifásítì wà níbẹ̀ láti 1948, ilé ìwòsàn UCH láti 1957, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà láti 1959. Kí ló wá dé?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká padà sí ìgbà tí Ìbàdàn gan-an jẹ́ Èkó fún àwọn ọ̀dọ́. Ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú sọ ibẹ̀ di ibùdó ogun. Ọ̀dọ́kùnrin tí ìlú rẹ̀ ti tú, tí kò ní ilẹ̀, tí kò lẹ́nìkan, lè lọ fara mọ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun. Bó bá lágbára, láàárín ọdún díẹ̀ òun náà á kọ́ ilé tirẹ̀. Kò sí ìdílé ọba tí yóò dí i lọ́nà, torí oyè kì í ṣe ti àjogúnbá. Ìbíkúnlé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó di Balógun. Látòósà wá láti Ìlọrà, ó di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. (Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti fi kọ́ ilé wọ̀nyí, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn náà. Ẹ má jẹ́ ká máa ròyìn Ìbàdàn bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀.)

Ogun parí. Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1893. Àtẹ̀gùn oyè wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń gùn ún ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, akin ni. Lẹ́yìn náà, sùúrù ni. Èèyàn á kọ́kọ́ di mógàjí ilé rẹ̀, á wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí àwọn tó wà níwájú ti ń kú. Ẹ wo ọjọ́ orí àwọn tó ń jẹ Olúbàdàn lóde òní, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ di ti agbo ilé, àlejò sì di ẹni tó ń gbé Òkè-Àdó tàbí Mọ́kọ́lá. Ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ tó sá kúrò nílé tẹ̀ dó ti di ìlú tí ọ̀dọ́ ti ń dúró de àgbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní January 1955. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lé ní 450,000. Lọ́dún yẹn, wọ́n lé ní 800,000. Èmi náà wà lára wọn, abẹ́ igi ni kíláàsì wa wà fún oṣù mélòó kan. Ọdún mẹ́fà ni ètò náà, torí náà December 1960 la jáde, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ rọ́wọ́ mú lọ sí gírámà. Àwọn kan lọ sí modern. Àwọn tó kù, wọ́n ní oko wà.

Àwọn àgbà rò pé ìwé ló ń gun ọmọ, pé kò fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Ìjọba náà rò bẹ́ẹ̀, ló bá dá oko àgbékalẹ̀ sílẹ̀, ó wo àwòṣe Ísírẹ́lì, ó ṣe ọ̀kan sí Ìlọrà, Ìlọrà ọ̀hún tí Látòósà ti wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn oko náà gbà. Mi ò rò pé ọkọ́ ni wọ́n sá fún. Oko kì í ṣe tiwọn ni. Ti bàbá ni, lẹ́yìn bàbá ó di ti ẹ̀gbọ́n. Kí lọ̀dọ́ fẹ́ fi pe ara rẹ̀ títí wọn ó fi pín in?

L'Ékòó, gbogbo wọn ló ní bùrọ̀dá tí wọ́n dé bá. Ṣùgbọ́n bùrọ̀dá náà kì í ṣe onílé. Ayálégbé ni, yàrá kan ṣoṣo ló ní. Ọjọ́ tí o bá ti san owó yàrá tìrẹ, àṣẹ rẹ̀ lórí rẹ parí. Obìnrin náà bẹ́ẹ̀: ẹni tó kọ́ṣẹ́ aránṣọ tó sì gba ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ilé bàbá ló wà mọ́, kò sì tíì dé ilé ọkọ. Irú ipò yẹn ṣòro láti rí nílé. Ohun tí ọmọ olùpè mi ń wá nìyẹn, mo rò bẹ́ẹ̀. Ilé àti oúnjẹ tí bàbá ń kà sí èrè, òun ni ọmọ ń sá fún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde, tó jù mí lọ díẹ̀, gun lọ́rí lọ ní 1961. Mọ́ṣínì ló dé sí, ibẹ̀ ló ti di ápílíkáńtì fún ọdún kan àtààbọ̀ kó tó ríṣẹ́ ní Àpápá. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Mọ́ṣínì ṣì wà nígbà náà, títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nítorí náà, nínú 665,246 tí mo kọ sókè yẹn, wọn ò ka ọ̀rẹ́ mi mọ́ ọn, àti gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà ládùúgbò náà. Síbẹ̀ títí ó fi kú, ohun tó máa ń wí ni pé, "Nígbà tí mo wọ Èkó ní sixty-one..."