Àwárí Kitson kọ́ ló dá ibi ìwakùsà Enugu sílẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbọ́ nílé ìwé ni pé ní 1909, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Albert Kitson ń wá fàdákà kiri ní òkè Udi, ó ṣèèṣì kan èédú, ni ìlú Enugu bá hù bí olú. Òótọ́ ni pé ọdún yẹn ni wọ́n rí èédú. Ṣùgbọ́n èèṣì kọ́. Láti 1906 ni ìjọba amúnisìn ti rán Kitson àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ láti yẹ ilẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà wò, kí wọ́n mọ ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ àwárí ló bí ibi ìwakùsà, kí ló dé tí ọdún mẹ́fà fi kọjá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ogbete, ní Enugu, ní 1915? Èédú tí kò rí ọ̀nà jáde kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Rélùwéè ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti 1901, èédú tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń jó. Kí ti Udi tó lè rọ́pò rẹ̀, ìjọba gómìnà amúnisìn Lugard ní láti dá èbúté tuntun sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ amúnisìn, pè ní Port Harcourt ní 1913. Ibẹ̀ ni wọ́n ti la ojú irin tó dé Enugu ní 1916. Ogun àgbáyé kìíní sì ti sọ èédú òkèèrè di ohun tí kò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ wá wo ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́. Àwọn ará Ngwo ló ni ilẹ̀ náà, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kò jókòó de iṣẹ́ òyìnbó. Àwọn olóyè tí ìjọba yàn, tí Onyeama ti Eke lókìkí jù nínú wọn, ló fi ipá kó ọkùnrin wọ inú ihò.

Ẹnìkan lè ní láìsí Kitson, inú ilẹ̀ ni èédú ì bá wà di òní. Ó ṣeé ṣe. Ṣebí inú ilẹ̀ náà ló wà fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Kitson rí i! Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ṣe pàtàkì, torí ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn ní ibi ìwakùsà Iva Valley ní Enugu. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Kitson yóò pè wọ́n ní aláìmoore. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ ipá yóò mọ̀ pé ìjà náà ti pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ wa, bí ẹ bá dé orí Enugu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ Ngwo àti 1915 síbẹ̀ kí ẹ tó kọ Kitson.